Ajílẹ̀ Màámi
Wọ́n ti tú bátìrì ọkọ̀ rí lẹ́yìnkùlé wa. Erùpẹ̀ ibẹ̀ ni Màámi ń pò mọ́ ajílẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òjé lè wà nínú rẹ̀.

A bù ú níbi márùn-ún, a pò ó pọ̀, a sá a síbòji, a rún un, a fi asẹ́ mìlímítà 2 jọ̀ ọ́ fún yàrá àyẹ̀wò. Èmi ọmọ ẹ̀dá-èdè ni mo kọ orúkọ sára ọ̀rá.

Ní kíláàsì, mo tú "ajílẹ̀" sí a-jí-ilẹ̀: ohun tó ń jí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà.

Màámi béèrè: "Ṣé kí n ṣì máa tà á?" Mo ní kí wọ́n dúró de èsì. Èsì ò tíì dé. Wọn ò sì tà á mọ́.