Adìẹ Tí Mo Fi Ọjọ́ Mẹ́ta Jẹ Níyà

Ọmọ bíbí Èjìgbò ni mí, ṣùgbọ́n ìlú Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, ni mo ti ń ṣòwò jẹun láti ìgbà èwe mi. Mo ń sin adìẹ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni àgbébọ̀ funfun kan, nítorí pé inú ìran adìẹ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni ó ti wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, mo bá a nílẹ̀: ọrùn rẹ̀ ti lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dà bí omi ewé. Aládùúgbò kan ní kí n pa á jẹ. Òmíràn ní kí n tètè gbé e lọ sọ́jà kí ó tó kú. Mo kọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ta àìsàn fún ọmọnìkejì rẹ̀ kò ṣe rere. Ṣùgbọ́n n kò lè pa á, n kò sì tètè ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kán omi sí i lẹ́nu, tí mo ń pe ìyẹn ní àánú.

Nígbà tí dókítà dé lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó yẹ ẹ́ wò, ó ní: "Bàbá, ṣé nítorí pé kò ké ni ẹ fi rò pé kò dùn ún?" N kò rí èsì fọ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi èkejì di orí rẹ̀ mú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eegun ọrùn sì já. Ìyẹ́ apá ṣì ń gbọ̀n. Ó ní kì í ṣe ìrora mọ́, iṣan lásán ni. Ó mú díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a wa kòtò jíjìn, a sin ín, a fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Àyẹ̀wò fi hàn pé lúkúlúkú ni, àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle. Bí ó bá ti wọlé, kò sí oògùn rẹ̀. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín rẹ̀ àti ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ Áfíríkà ní Jájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù kejì ọdún 2006, tí ó sì dé Abidjan ní oṣù kẹrin ọdún náà. Èyí máa ń pa ènìyàn. Nítorí náà, bí adìẹ yín bá ń ṣàìsàn báyìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ tètè pe dókítà.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àánú ara mi ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Ẹni tó pa àgbébọ̀ ìyá mi ló ṣàánú rẹ̀.