Ohun Tí Agolo Gbà

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ojú ẹni pàápàá kò tó láti fi díwọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun tí igbá, agolo tàbí àpótí lè gbà sínú. Ojú a máa rí ara ohun, kì í rí inú rẹ̀. Bí a kò bá sì ṣọ́ra, a ó máa fi títóbi ara mọ títóbi inú. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà wá, tí ẹ ń múra láti di olùkọ́. Mo ti rí i ní ìlú Kumasi yìí pé ìṣirò tí àwọn ọmọ ń pè ní ti inú ìwé ni ó ń pinnu iye oúnjẹ tí ń wọ ilé mẹ̀kúnnù lójoojúmọ́.

Nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama, ohun méjì ni a ń wá lára ohunkóhun tí ó ní gígùn, ìbú àti gíga. Èkíní ni ìwọ̀n inú, èyí ni iye àyè tí ohun náà gbà. Èkejì ni ìwọ̀n ara, èyí ni iye páálí tàbí páànù tí yóò bo gbogbo ara rẹ̀ láìkù síbì kan. Àjọ ìdánwò WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, a máa bi àwọn ọmọ Gánà, Nàìjíríà, Sierra Leone, Gambia àti Liberia ní ìbéèrè lórí méjèèjì. Nítorí ìdánwò yìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ a kọ òfin ìṣirò náà sára pátákó, àwọn ọmọ a sì há a sórí bí ẹni há ọfọ̀. Bí ìdánwò bá ti kọjá, òfin náà a fò lọ bí ẹyẹ.

Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé girama kan ní Kumasi, mo pinnu pé n kò ní kọ òfin kankan sára pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo mú páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí ó dọ́gba. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 20. Mo ká ọ̀kan roboto kí ó ga kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, mo ká èkejì kí ó kúrú kí ó sì gbòòrò. Mo gbé méjèèjì dúró lórí tábìlì, mo wá béèrè èwo ni yóò gba àgbàdo jù. Púpọ̀ nínú wọn dáhùn pé ọgbọọgba ni, nítorí pé páálí kan náà ni. Àwọn mìíràn ní èyí tí ó ga ni. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta gààrí ní ọjà Kejetia nìkan ni ó tọ́ka sí èyí tí ó kúrú. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi agolo gbọọrọ wọn nǹkan fún òun.

Mo gbé èyí tí ó ga sínú èyí tí ó kúrú, a da àgbàdo kún un dé ẹnu, lẹ́yìn náà ni mo rọra fà á yọ sókè. Àgbàdo náà tú sínú èyí tí ó gbòòrò, kò sì kún un. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ péré ni ó dé. Ariwo sọ nínú kíláàsì! Àwọn tí ó ti ń sùn jí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ló dé. Ìgbà náà ni òfin ìṣirò tó di ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìṣirò fi hàn wá pé èyí tí ó gbòòrò gba nǹkan bí 1,432 mílílítà, èyí tí ó ga sì gba nǹkan bí 955, bẹ́ẹ̀ ni páálí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 600 sẹ̀ǹtímítà alábùú mẹ́rin lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá sọ gíga agolo di ìlọ́po méjì, inú rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ìbú rẹ̀ di ìlọ́po méjì, inú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọmọkùnrin kan wá dìde pé a kò tí ì fi ìdí sí agolo wa. Ó sọ òótọ́. Èyí tí ó gbòòrò ń fẹ́ ìdí tí ó tó 72 sẹ̀ǹtímítà alábùú mẹ́rin, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kò fẹ́ ju 32 lọ. Nítorí náà, gbígbòòrò náà ní owó tirẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ páànù gbọ́dọ̀ san. Báyìí ni ìwọ̀n ara àti ìwọ̀n inú ṣe ń bá ara wọn jà, tí wọn kò sì lè pínyà.

Ẹ jẹ́ kí a dé ọjà wàyí. Kejetia wà lára àwọn ọjà tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agolo tí a ń pè ní olonka ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo, gààrí àti ẹ̀wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò tàbí mudu wọ̀n ọ́n ní Nàìjíríà. Àwọn Yorùbá mọ ìlú yìí dáradára. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń ṣòwò níhìn-ín kí òfin ìjọba Busia ti oṣù kọkànlá 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ọjà láti ìlú kan dé òmíràn ní láti kọ́kọ́ mọ òṣùwọ̀n ibẹ̀, nítorí kóńgò kì í ṣe olonka.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú agolo nìkan ni a ń rà. A ń ra orí rẹ̀ pẹ̀lú, òkìtì tí ó yọ kọjá ẹnu agolo, tí ó rí ṣóńṣó bí òkòtó. Níhìn-ín ni mo ti rí ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù lọ. Ẹ mú agolo méjì tí inú wọn dọ́gba bí a bá fi igi rẹ́ orí wọn; kí ẹnu ọ̀kan fẹ̀ tó 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ti èkejì fẹ̀ tó 15. Bí a bá bu gààrí kan náà lé wọn, òkìtì orí ẹnu gbòòrò yóò ga ju ti èkejì lọ, nítorí pé bí gààrí ṣe ń dagun kò yí padà. Bí gíga òkìtì bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú ẹnu agolo, òkìtì kékeré jẹ́ nǹkan bí 65 mílílítà, ti ńlá jẹ́ 221: ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àwa ń pè é ní èènì, àwọn Asante ń pè é ní ntosoɔ. Ṣùgbọ́n ẹnu agolo ni ó ń pín in, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ń tà nìkan.

Àwọn ẹlòmíràn a máa fi òòlù lu ìdí agolo wọ inú. Bí a bá wò ó lóde, ara rẹ̀ kò dín. Inú rẹ̀ ti dín. Àwọn Akan àtijọ́ mọ irú ewu yìí. Nígbà tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ wúrà ná ọjà, olúkúlùkù ní òṣùwọ̀n idẹ tirẹ̀, tí a rọ bí ẹyẹ, bí ẹja, tàbí bí àpótí oníṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ń rà á wọ̀n, ẹni tí ń tà á tún un wọ̀n. Kò sí ìbínú níbẹ̀, àṣà ni. Bí ọmọ ilé-ìwé bá sì fẹ́ mọ ìwọ̀n inú irú ẹyẹ idẹ bẹ́ẹ̀, tí kò ní igun tí rúlà lè wọ̀n, kí ó rì í sínú ife omi tí ó kún dé ẹnu, kí ó sì wọn omi tí ó dà sílẹ̀.

Ohun ìkọ́ni kò wọ́n wa. Ẹ la ọsàn sí méjì, ẹ fi ojú rẹ̀ ya àmì roboto mẹ́rin sórí ìwé, kí ẹ sì ya èèpo rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú wọn: èèpo ọsàn kan yóò bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Archimedes ará Syracuse, tí ó kú ní 212 kí a tó bí Olúwa wa, ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀. Ó tún fi hàn pé bí ohun róbótó bá há gẹ́lẹ́ sínú agolo tí gíga àti ìbú rẹ̀ dọ́gba, ìdá méjì nínú mẹ́ta agolo náà ni yóò gbà. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí a ya àwòrán méjèèjì sórí ibojì òun.

Ẹ tún wo iṣu. Iṣu tí ó gùn ní ìlọ́po méjì èkejì, tí ó sì nípọn ní ìlọ́po méjì rẹ̀, èèpo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Bí a bá ń tà á ní ìlọ́po márùn-ún owó kékeré, ẹni tí ó mọ ìṣirò mọ ohun tí yóò rà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹ bá dé ilé-ìwé yín, ní Ìbàdàn, ní Pọ́tónóòfò, ní Lomé tàbí ní Tamale, ẹ fi agolo ọjà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ díwọ̀n pẹ̀lú ojú, kí wọ́n fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kọ òfin ìṣirò. Ọmọ tí a kọ́ báyìí yóò yege nínú ìdánwò. Ju èyí lọ, a kò ní fi agolo gbọọrọ rẹ́ ẹ jẹ, òun náà kò sì ní rí àwáwí fi rẹ́ ẹlòmíràn jẹ.