Ọdẹ Tó Ti Onílé Mọ́ Ìta

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà ní ọ́fíìsì, ó sì ti gbó. Máàkì ìdánwò gbogbo kíláàsì fún sáà mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Kàkà kí ó ṣí, ojú rẹ̀ di búlúù, lẹ́tà funfun tò sí i lójú, ó sì pa ara rẹ̀. Ó tún tàn, ó tún di búlúù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ ni pé kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ètò tí a gbà láti máa lé kòkòrò gan-an ni ó fa wàhálà náà: ẹni tí a ní kó wá fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Báwo ni èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà tàbí tí a fi ń ṣírò máàkì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbé nínú ilé kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ṣubú, òun nìkan ni ó ṣubú. Ètò aṣọ́lé kò lè gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé olè tí ó ń ṣọ́ lè gba yàrá wọlé. Nítorí náà ni apá kan lára rẹ̀ ṣe ń sùn sí yàrá inú lọ́hùn-ún, pẹ̀lú Windows fúnra rẹ̀. Apá yìí ni wọ́n ń pè ní driver. Orúkọ kan náà ni pẹ̀lú ti dírẹ́bà tí ń wa ọkọ̀ láti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jìnnà síra: bí dírẹ́bà bá tòògbé, kì í ṣe òun nìkan ni yóò wọ igbó. Bí driver bá ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú yàrá náà, Windows yóò dá gbogbo iṣẹ́ dúró kí nǹkan má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú búlúù ni ìkéde rẹ̀.

Gbogbo ayé rí irú rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ìdájí ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí Falcon, ètò aṣọ́lé rẹ̀. Fáìlì náà ní kí ètò náà wo ohun 21, bẹ́ẹ̀ 20 ni wọ́n kó fún un. Ó na ọwọ́ sí ìkọkànlélógún, ó sì kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 78 péré ni ó kọjá kí wọ́n tó fà á sẹ́yìn, síbẹ̀ Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ni ó kàn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2010, ètò McAfee fi ẹ̀sùn kòkòrò kan svchost.exe, fáìlì tí Windows XP fi ń mí. Àwọn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú.

Ti ẹ̀rọ àtijọ́ tún le díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, Microsoft rí i pé àwọn aṣọ́lé kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé yàrá inú, ó sì dá àtúnṣe Windows dúró lórí ẹ̀rọ wọn títí àwọn tó ṣe wọ́n fi jẹ́rìí pé wọ́n ti yí padà. Ní oṣù yẹn kan náà, àtúnṣe náà kò jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà AMD àtijọ́ kan tàn mọ́. Ìwà mìíràn tí ó burú ni kí a kó aṣọ́lé méjì sínú ẹ̀rọ kan. Ọdẹ méjì tí kò mọ ara wọn ni wọ́n. Lóru, ara wọn ni wọn yóò yìnbọn lù.

Ẹni tí ó bá dé tí ó ní kí a nu gbogbo ẹ̀rọ náà kí a tún Windows mìíràn gbé sí i, kí a ní kí ó mú sùúrù, nítorí máàkì àwọn ọmọ. Lórí Windows 7, a ó máa tẹ F8 bí ẹ̀rọ bá ti ń tàn, a ó sì mú Safe Mode. Lórí Windows 10, bí ó bá ti gbìyànjú láti ṣí tí kò lè ṣí, ojú ewé àtúnṣe yóò yọ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni a ó gbà dé Safe Mode. Níhìn-ín, ìwọ̀nba ìránṣẹ́ ni Windows máa ń pè jí, ọdẹ sábà máa ń sùn. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà tún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ní 2024: ènìyàn ń lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ó ń pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́.

Bí ó bá ti ṣí, kí a kọ́kọ́ kó máàkì sórí flash. Lẹ́yìn náà ni kí a wo orúkọ tí ó parí sí .sys tí ojú búlúù dá. Ẹ̀rí rẹ̀ sábà máa ń wà ní C:\Windows\Minidump. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti aṣọ́lé, kí a yọ ọ́ láti Control Panel. Bí ó bá ń ṣorí kunkun, àwọn tó ṣe é sábà máa ń ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ tegbòtegbò. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni orúkọ yẹn, kì í ṣe ìdájọ́. Mẹ́mórì tí ó ti ń kú lè mú kí aláìṣẹ̀ jẹ́bi, eruku ọyẹ́ tí ó di fáànù sì lè mú kí ẹ̀rọ gbóná débi tí yóò fi máa kú fúnra rẹ̀. Bí ojú búlúù bá ṣì ń padà wá lẹ́yìn tí ọdẹ ti lọ, ibẹ̀ ni kí a yí ojú sí.

Lórí Windows 10, bí aṣọ́lé àlejò bá ti jáde, Defender onílé sábà máa ń jí gba iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows náà parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ti Windows 7 ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ó máa ṣírò máàkì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí flash tí yóò wọ inú rẹ̀ sì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ọdẹ rẹ̀ ṣì lajú.