Ọ̀kẹ́ Kan àti Ẹyọ Méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a rán wa lọ kọ́ àwọn ọmọdé, ìṣirò ni ó kàn mí ní kíláàsì kẹrin. Mo ń ṣàlàyé bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu, ni mo bá fi kún un pé ọ̀kẹ́ kan pé tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí iye kan láti 1 dé 10 tí a fi pín in tí nǹkan yóò ṣẹ́kù.

Ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí ẹni mẹ́ta bá pín in, ẹyọ méjì yóò ṣẹ́kù.” Mo ní kí ó dìde, kí ó kọjú sí ògiri títí agogo yóò fi lù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó pín in wò. Ọ̀nà mẹ́ta: 6,666, ó ku 2. Ọ̀nà mẹ́fà: 3,333, ó ku 2. Ọ̀nà méje: 2,857, ó ku 1. Ọ̀nà mẹ́sàn-án: 2,222, ó ku 2. Mo wá tú iye náà dé gbòǹgbò: 2 lọ́nà ìgbà márùn-ún jẹ́ 32, 5 lọ́nà ìgbà mẹ́rin jẹ́ 625, 32 lọ́nà 625 sì ni ọ̀kẹ́ kan. Kò sí 3, kò sí 7 nínú rẹ̀ rárá. Ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́, bákan náà ni gbogbo wọn: bí a bá fi 3 pín èyíkéyìí nínú wọn, 2 ni yóò ṣẹ́kù. (Èmi tí mo ti ń kà wọ́n láti kékeré!)

Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àwọn ọmọ yòókù ti gbà mí gbọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ òtítọ́ ni ó kọjú sí ògiri nítorí rẹ̀, èyí ni kò sì jẹ́ kí n sùn.

Ní òwúrọ̀ mo pè é síwájú, mo sì sọ lójú gbogbo wọn pé òun ni ó gbà á, èmi ni mo ṣì í. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè pé, “Sà, èwo wá ni gbogbo wọn lè pín?” Orí kó mi yọ, nítorí mo ti wá a rí kí ilẹ̀ tó mọ́: 2,520 ni ó kéré jù nínú irú wọn, ẹgbẹ̀tàlá dín ọgọ́rin. Ọ̀kẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po rẹ̀ mẹ́jọ, síbẹ̀ iye 30 péré ni ó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù, nígbà tí 48 lè pín 2,520.

Mo na ṣọ́ọ̀kì sí i. Kò fi 1 tàbí 2 bẹ̀rẹ̀. 7 ni ó kọ́kọ́ mú. Ó kọ 360 sí ojú pátákó, ó wò ó dáadáa bóyá nǹkan ṣẹ́kù, lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí 9.