Ọtí Alábàárù

Ní Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn, ni bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ alábàárù títí ọrùn rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni ó máa ń ra ìgò sítáòtù kan, tí yóò mu ún díẹ̀díẹ̀ lójúde, tí yóò sì wí pé, “Èyí ni ó ń bá mi sọ ẹrù.” N kò fi ẹnu kàn án rí títí Bàbá fi re ibi àgbà ń rè.

Ní oṣù tí ó kọjá, bí mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àyálò jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo kan “sítáòtù”, mo sì ní n ó kúkú tọ́ ọ wò. Mo ra ìgò kan, mo dà á sínú ife gíláàsì, mo gbé e síwájú iná. Dúdú ni, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ìfófòó orí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ràkúnmí. Òórùn àgbàdo sísun tí iná fẹ́ẹ̀ mú jù ni ó kọ́kọ́ kàn mí nímú. Mo mu ún. Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀! Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ni adùn kékeré kan ń yọjú, kíkan díẹ̀ sì tẹ̀lé e, bí ti ògì bàbà. Àfiwé yìí kì í ṣe àsọdùn: ní 1988 ni ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà báálì tí a ó fi pọntí wọlé, tí àwọn ilé ìpọntí fi yíjú sí ọkà bàbà. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ó tutù jù. Òtútù a máa pa adùn ọtí dúdú, kíkorò nìkan ni yóò kù. Bàbá kì í mu tirẹ̀ ní tútù. Mo máa ń rò pé nítorí pé a kò ní fíríìjì ni. (A kò kúkú ní.)

Ọ̀rọ̀ náà ni mo wá tọpa rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọtí dúdú kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí a fi ọkà tí a yan títí ó fi pọ́n ṣe. Àwọn alábàárù ìlú náà fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi orúkọ wọn pè é: pọ́tà, èyíinì ni alábàárù. Èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sítáòtù pọ́tà. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n gé “pọ́tà” kúrò, ó ku “sítáòtù”. Orúkọ yìí ni ó bá a dé ọ̀dọ̀ wa, tí Guinness fi dá ilé ìpọntí sílẹ̀ ní Ìkejà ní 1962.

Mo gbé ife náà kalẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù mi, nítorí Bàbá kò mọ̀wé. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ bàbá, mo kọ “oníṣòwò”. Ó bi mí pé kí ni mo kọ síbẹ̀.

“Iṣẹ́ yín ni, Bàbá.”

Ó ní ó dára, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ọtí náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó mu ìyókù rẹ̀. Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.