Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Rédíétọ̀ Alùpùpù

Àbúrò mi, bí èèyàn bá pẹ́ láyé díẹ̀, yóò rí i pé ọmọ aráyé kì í sábà náwó sí ohun tí yóò dáàbò bò ó, àfi ìgbà tí nǹkan bá ti bà jẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ alùpùpù inú igbó ni mo fẹ́ fi bá ọ tàkúrọ̀sọ lónìí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gun òkè olókùúta, tí wọ́n fi ń la ẹrẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń ṣubú lórí rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ọ̀kadà tí à ń gùn káàkiri ìlú wa ń jẹ ìgbádùn kan tí a kì í rántí dúpẹ́ lé lórí: afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò ní omi, kò ní rédíétọ̀, bí ó bá ṣubú, wọn á gbé e dìde, wọn á na hándù rẹ̀ tó wọ́, ó tún di kí èrò gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú igbó rí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé agbára ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i, tí afẹ́fẹ́ nìkan kò ká ooru náà mọ́. Ní 1981, Yamaha gbé alùpùpù YZ125 tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára wá sọ́jà, iwájú pátápátá ni wọ́n sì gbé rédíétọ̀ rẹ̀ sí, lẹ́yìn pátákó nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó fi di méjì lára púpọ̀ nínú alùpùpù inú igbó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lábẹ́ ike tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì epo. Ibẹ̀ dára, àmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti rí i ni ilẹ̀ náà ti rí i.

Nígbà tí alùpùpù bá dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, hándù a yí, ike ẹ̀gbẹ́ a kanlẹ̀, ike a sì ti rédíétọ̀ sẹ́yìn. Alumíníọ̀mù ni rédíétọ̀ yìí, ọ̀pá pẹlẹbẹ tí omi ń gbà kọjá ni wọ́n tò léra wọn, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó wà láàárín wọn sì rọ̀ débi pé àtàǹpàkò lásán lè tẹ̀ wọ́n. Kì í sábà fọ́ yángá. Á kàn wọ́, ibi tí ọ̀pá ti wọnú táǹkì ẹ̀gbẹ́ á sán, omi á máa kán tó, tó, sórí páìpù èéfín tó gbóná, òórùn rẹ̀ á sì gbalẹ̀ kan. Àwọn àgbà a máa fi omi ló dànù, agbè kò fọ́ tu ẹni tó pàdánù nínú, ṣùgbọ́n níbí yìí, agbè ló fọ́, omi sì bá a lọ, bí ẹni tó ń gùn ún bá sì takú pé òun yóò fi bẹ́ẹ̀ délé, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì á jó, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì.

Má rò pé àìmọ̀-ọ́n-gùn ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ní Erzberg, òkè tí wọ́n ti ń wa irin nílùú Eisenerz lórílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, wọ́n ti ń ṣe ìdíje alùpùpù kan láti 1995; ẹni 500 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìje ìkẹyìn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń parí rẹ̀ láàárín wákàtí 4. Ní 2015, ògbóǹtarìgì mẹ́rin tó ṣíwájú há sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa alùpùpù ara wọn gòkè, títí wọ́n fi jọ gba ipò kìíní. Nírú ibẹ̀, táyà ń yí lójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, kò sí eré tí yóò fa afẹ́fẹ́ wọlé, omi á wá máa hó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń de fáànù mọ́ ẹ̀yìn rédíétọ̀. Ìgbà náà gan-an ni aláìnísùúrù ń ṣí ìdérí, bí àwọn awakọ̀ wa ṣe ń ṣe lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, tí omi gbígbóná á sì tú sí wọn lójú.

Gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù wọ igbó ló mọ̀ pé òun yóò ṣubú, bẹ́ẹ̀ ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Síbẹ̀, sálẹ́ńsà aláriwo àti sítíkà aláràbarà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà. Irin alumíníọ̀mù kan wà tí wọ́n ń fi bóòtì dè yí rédíétọ̀ ká kó má baà wọ́. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó fara ti férémù, torí èyí tó bá dì mọ́ rédíétọ̀ nìkan, àwọn méjèèjì ni yóò jọ wọ́. Òmíràn ń dúró níwájú, ó ń gba òkúta tí táyà ẹni tó ṣíwájú ń ta sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi irin, àwọ̀n àti fóòmù dí rédíétọ̀ pa, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, tó wá ń ṣépè fún ẹni tó ta alùpùpù fún un. Ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Fọ̀ ọ́, àmọ́ má ki ẹnu ẹ̀rọ ìfọmọ́tò alágbára bọ̀ ọ́, torí omi náà á tẹ àwọn ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Rédíétọ̀ kan ṣoṣo wọ́n ju irin tí ì bá dáàbò bò ó lọ. Ra irin náà kí o tó gun alùpùpù náà wọgbó lẹ́ẹ̀kínní; sítíkà lè dúró.