Ibi Tí Màmá Jókòó Sí

Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí wa fẹnu kò pé kí wọ́n ta ilé bàbá wa àgbà n'Íbàdàn, fọ́tò ilé náà pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí a kò ní ni ìró rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé ìró àárọ̀ ilé yẹn kì í ti ibì kan ṣoṣo wá: Màmá àgbà lórí àga rẹ̀ lọ́wọ́ òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ ata aládùúgbò lọ́wọ́ ọ̀tún, àkùkọ lẹ́yìn, ẹyẹlé lórí páànù.

Fóònù lè gbà á sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló máa kó gbogbo rẹ̀ sí. Àwa méjì tí a wà l'Ékòó, tí a ń fi kóòdù kíkọ jẹun, bá yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan tí ọwọ́ kan lè gbá mú. Máíkì mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dojú kọ ibi tirẹ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: Michael Gerzon àti Peter Craven ló gbé irú máíkì ẹlẹ́nu mẹ́rin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970. Ambisonics ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ á ṣírò ohun tí máíkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́, á sọ ọ́ di ìlà mẹ́rin mìíràn: W kó gbogbo ìró pọ̀, X mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, Y mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, Z mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la so ó kọ́ sára igi àjà, kí àwọn ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án. Màmá wò ó títí. Ó ní, "Ṣé nǹkan yẹn ti ń gbọ́ mi?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ki wa lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Manchester.

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti wó ilé náà. Màmá náà ti papòdà.

Ìgbà yẹn la tó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa. Kò pẹ́ tó fi pè. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló gbé Màmá wá sọ́wọ́ ọ̀tún mi? Àga rẹ̀ kì í ṣe ibẹ̀!"

Ojú tì wá. A ti gbọ́ ọ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, a ò fura. Bóyá ohùn náà dún ketekete nìkan là ń wò. Ibì kan wà lára ẹ̀rọ náà tí èèyàn ti máa sọ fún un pé orí kodò ló wà. A ò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀, kò sí ilé mọ́, kò sí Màmá, tí a ó fi tún un gbà.

Ohun tó yọ wá ni pé ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan nù. Tí a bá dorí máíkì kodò, tí iwájú rẹ̀ ṣì kọjú síwájú, W àti X kò yí padà. Òsì ló di ọ̀tún, òkè ló di ìsàlẹ̀. Nítorí náà, a fi −1 sọ Y àti Z di púpọ̀. Ìlà kóòdù méjì, ó parí.

Tí ẹ bá fẹ́ gbohùn ilé tiyín sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn yí máíkì ká: ẹ dúró síwájú, ẹ sọ pé "iwájú", ẹ bọ́ sí òsì, ẹ sọ pé "òsì". Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ ni, à bá ti tètè mọ̀.

A tún fáìlì náà fi ránṣẹ́, a sì pe ẹ̀gbọ́n wa lórí fídíò. Ó fi headphone sétí. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá dé orí oríkì tirẹ̀, ó yíjú sí òsì, ó sì kúnlẹ̀.